Pàṣán tó wà lájà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa ìwé yìí dé kí n tó lè kà á parí. Lákọ̀ọ́kọ́, mo dé ibi tí ọkọ kan ti jáde sí àgbàlá, tó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ wọlé, tó kó o sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, tó ní kó rún un. Ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà ni pé ìrẹsì tó sè kò jinná tó lójú ọkọ. Ó rún un. Eyín inú méjì fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ti ìwé náà bọ abẹ́ àwọn ìwé yòókù, ó sì tó ọdún mẹ́ta tí mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà kejì, yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti dúró. N ó sọ ti ìyẹn tó bá yá. Ìgbà òjò ọdún tó kọjá ni mo tó jókòó tì í gan-an. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kà á. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi obìnrin bá mi níbi tí mo ti ń sunkún, ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò bi mí ní nǹkan kan.

A Thousand Splendid Suns ni orúkọ ìwé náà. Khaled Hosseini ló kọ ọ́, ọdún 2007 ló jáde. Ọmọ Kabul ni, olú ìlú Afuganísítàànì. Ọdún 1965 ni wọ́n bí i, ọdún 1980 ló bá àwọn òbí rẹ̀ dé Amẹ́ríkà nígbà tí ogun ò jẹ́ kí wọ́n lè padà sílé, iṣẹ́ dókítà ló sì ń ṣe kó tó di òǹkọ̀wé. Saib Tabrizi, akéwì ayé àtijọ́ kan, ló kọ ewì lórí ẹwà Kabul, inú ewì yẹn ni wọ́n ti mú orúkọ ìwé náà. Ọkùnrin ló kọ ọ́, ìyẹn ló kọ́kọ́ ń kọ mí lóminú. Kí ni ọkùnrin fẹ́ mọ̀ nípa ohun tí obìnrin méjì ń bá ara wọn sọ lẹ́yìnkùlé? Nígbà tí mo kà á tán, mo gbà pé ọkùnrin yìí ti fetí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ wọn.

Bí mo ṣe máa sọ ìtàn náà fún ìyá mi nìyí. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Mariam, orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń pè ní Mọríámọ̀. Ẹ̀yìn ìlú Herat ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, nínú ahéré tí bàbá rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ kí ojú ará ìlú má baà tó wọn. Jalil ni bàbá náà, olówó tó ní ilé sinimá, tó ní ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mẹ́sàn-án sílé. Ìyá Mariam ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn kó tó lóyún fún ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Mariam nígbà tí abọ́ ṣúgà kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fọ́, tí ìyá rẹ̀ sì pè é ní harami. Ẹni tó bá lọ sí ilé kéú á ti gbọ́ haráàmù nínú rẹ̀. Ọmọ àlè ló túmọ̀ sí. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n lè gba gbogbo èébú mọ́ra àfi ìyẹn, ẹnu ìyá tó bí i ni ọmọ yìí ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Jalil máa ń wá kí i, Mariam á sì ti jókòó dè é láti àárọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fẹsẹ̀ rìn wọ Herat láti lọ bá bàbá rẹ̀ nílé. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó sùn síta mọ́jú lẹ́nu ọ̀nà bàbá tó bí i. Nígbà tí wọ́n fi mọ́tò gbé e padà sí ahéré, ìyá rẹ̀ ti pokùnso sórí igi. Àwọn ìyàwó Jalil ò fẹ́ ẹ nínú ilé, wọ́n bá wá ọkọ fún un: Rasheed, aránbàtà kan ní Kabul, tó fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún jù ú lọ. Oyún ń bàjẹ́ mọ́ Mariam lára, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí oyún sì ṣe ń bàjẹ́ ni ọwọ́ Rasheed ń le sí i. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òkúta ṣẹlẹ̀.

Laila, ọmọ àdúgbò wọn, tíṣà ni bàbá rẹ̀, ẹni tó gbà pé ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ kàwé ná kó tó ro ti ọkọ. Oṣù kẹrin ọdún 1978 ni wọ́n bí i, òru tí àwọn Kọ́múnísìtì gba ìjọba. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì wọ ìlú ní 1979, wọ́n jáde ní 1989. Nígbà tó di 1992, àwọn jagunjagun tó lé wọn lọ wá kọjú ìbọn sí ara wọn láàárín ìlú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kan balẹ̀ sílé bàbá Laila, ó pa bàbá, ó pa ìyá. Rasheed ló wú ọmọ náà jáde lábẹ́ àwókù, Mariam ló tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe ń yá ni Rasheed ní òun fẹ́ fi ṣe ìyàwó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó gbà, nítorí ó ti lóyún fún Tariq, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ogun ti lé lọ sí Pakisítàànì. Ẹnì kan sì ti wá sọ fún un pé Tariq kú. Irọ́ ni. Rasheed ló san owó fún irọ́ náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ka gbogbo èyí, ṣùgbọ́n láti ojú ewé tí Laila ti wọlé yẹn, Yorùbá ni ọkàn mi ń fi dáhùn. Mariam ti di ìyálé. Laila ni ìyàwó. Orogún ni wọ́n. Ọmọ agboolé ni mí, mo mọ bí ilé ṣe ń rí lọ́jọ́ tí ìyàwó tuntun bá wọlé, mo sì mọ orin tí wọ́n ń fi bú ara wọn nídìí ẹkù ọlọ láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, ìyálé náà máa ń pe ìyàwó ní “ìyàwó mi”. Kì í sọ pé “ìyàwó ọkọ mi”. Mi ò ronú sí i rí àfi ìgbà tí mo ka ìwé yìí.

Ìyálé ni ìyá àgbà mi nínú ilé bàbá àgbà wa ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Kékeré ni gbogbo àwa ọmọ ń pe ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́njú, bàbá àgbà ti kú, àwọn ìyá méjèèjì ló kù nínú ilé ńlá yẹn. Ní ọ̀sán, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, igbá kan láàárín wọn. Nígbà mìíràn, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ wọ́n, ìyá àgbà á ní: “Pàṣán tí a fi na ìyálé...” Ìyá Kékeré ò ní jẹ́ kó parí òwe náà. Á ní: “Ìyálé mi, a ti fi dáná.” Àwọn méjèèjì á wá bú sẹ́rìn-ín, ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Gbogbo wa la mọ bí òwe náà ṣe parí: ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Mariam ò fẹ́ràn Laila. Ó pín iṣẹ́ ilé fún un, ó ní òun ò ní í ṣe ẹrú rẹ̀. Wọ́n jà lórí ṣíbí onígi kan tí Mariam ò rí mọ́, àní bí orogún ṣe lè tìtorí orógùn bára wọn jà ní ilé ìdáná tiwa. Rasheed ń tanná ràn án. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun ló ti fi àwọn méjèèjì wé mọ́tò: ó ní Mariam ìbá jẹ́ Volga, mọ́tò àwọn ará Rọ́ṣíà, Laila, ó ní Benz ni ìyẹn. Mo dúró lórí gbólóhùn yẹn. Ọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Bí ìyálé bá ń wo ìyàwó, tí ìyàwó ń wo ìyálé, kò sẹ́ni tó máa wo òun.

Laila wá bí Aziza. Ọmọbìnrin ni, inú Rasheed ò dùn. Ní òru ọjọ́ kan Laila ò gbà fún un, ó bá já bẹ́líìtì, ó lọ bá Mariam, ó ní Mariam ló ń kọ́ Laila ní àṣàkaṣà. Mariam ò jiyàn. Ó ti mọ ẹ̀gba náà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń dúró dè é. Àfi bí Laila ṣe fò mọ́ Rasheed lápá, tó so mọ́ ọn, tó ń bẹ̀ ẹ́, tó ní òun ti gbà, òun ti gbà, kó má nà án. Apá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀.

Mo gbé ìwé náà sórí itan mi. Òwe àwọn ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì gbọ́ ọ bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí. Ìyálé wà nínú rẹ̀. Ìyàwó wà nínú rẹ̀. Pàṣán wà níbẹ̀, a tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Ẹni tó ń na ìyálé nìkan la ò rí. “Pàṣán tí a fi na ìyálé.” Ta ni “a”? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ìyàwó ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún: má yọ̀ jù, yóò kàn ọ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ìyàwó pé ó lè di apá yẹn mú. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ìyálé pé ó lè na ọwọ́ sókè àjà fúnra rẹ̀, kó yọ nǹkan náà kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kàn tò tẹ̀lé ara wọn síwájú pàṣán bí ẹni tò síwájú ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ bẹ́líìtì, Laila bá aṣọ ọmọdé tí wọ́n ká dáadáa lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mariam ló rán wọn. Láti ọjọ́ tó ti dé ayé, kò sí ẹni tó gbèjà rẹ̀ rí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú ìyẹn, ló bá fi aṣọ dúpẹ́. Laila ní kó wá ká mu tíì. Wọ́n gbé àga sí àgbàlá lóru, wọ́n fi ọwọ́ jẹ àádùn wọn kan tó ń jẹ́ halwa nínú abọ́ kan náà. Wọ́n mu ife kejì. Laila bi í bóyá yóò mu ẹ̀kẹta, Mariam ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ìwé yìí burú láti kà nítorí ìyà inú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ife tíì kẹta yẹn ló kọ́kọ́ mú mi sunkún. Nínú ilé olórogún, ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí obìnrin ti ọwọ́ bọ inú abọ́ kan náà pẹ̀lú orogún rẹ̀. Ìyá mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba àkàrà lọ́wọ́ ìyàwó bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ilé ni ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n ń fọ aṣọ pọ̀, wọ́n ń wẹ ọmọ pọ̀, Aziza sì ń sáré bá Mariam ju bó ṣe ń sáré bá ẹnikẹ́ni lọ. Wọn ò ráyè fún àwọn ọ̀rọ̀ ńlá. Mo rò pé ohun tí Hosseini rí dáadáa jù nìyẹn: obìnrin tí wọ́n ti nà láti ọdún pípẹ́ kì í sábà lè jókòó kó máa ṣàlàyé ọkàn rẹ̀. Á bá ọ di irun ọmọ rẹ. Á bu omi sí ìkòkò rẹ kó má jóná. Nínú iṣẹ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní 1994 wọ́n gbìyànjú láti sá lọ sí Pakisítàànì. Ọkùnrin kan ní gáréèjì gbà láti ṣe bí ẹbí wọn, ó gba owó, ó sì fi wọ́n lé sójà lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí obìnrin sá nílé ọkọ. Wọ́n dá wọn padà fún Rasheed. Ó tì wọ́n mọ́lé láì sí omi, láàárín ooru, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Mi ò ní sọ èyí tó kù.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 1996, Taliban gba Kabul. Obìnrin ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ lọ sílé ìwé, obìnrin ò gbọdọ̀ dá jáde láì sí ọkùnrin ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí Laila máa bí ọmọ rẹ̀ kejì ní 1997, wọ́n ti lé àwọn obìnrin kúrò ní àwọn ọsibítù ìlú, wọ́n darí wọn sí Rabia Balkhi nìkan. Kò sí omi tó mọ́ níbẹ̀, kò sí iná, kò sí oògùn. Ọmọ náà fi ìdí ṣíwájú, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ̀ ọ́n kò sì sí. Laila ní kí wọ́n la òun bẹ́ẹ̀. Dókítà náà, obìnrin ni, ó bọ́ aṣọ ẹ̀há rẹ̀ kó lè ríran, nọ́ọ̀sì kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí Taliban má bá a láì bojú. Mariam ló dúró ti orí Laila. Ibí yìí ni mo ti pa ìwé dé lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún èmi náà nígbà tí mo bí ọmọ mi yìí, wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, mi ò mọ nǹkan kan lára mi láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí mi ò mọ̀ rí mú títí wọ́n fi rán mi tán. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀.

Tariq ò kú. Ó padà wá ní 2001, ó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí Rasheed gbọ́ pé ó wọ inú ilé, ó fún Laila lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì sọ pé lọ́tẹ̀ yìí òun ò ní í jọ̀wọ́ rẹ̀. Mariam lọ gbé ṣọ́bìrì. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé tó bá dìde yóò pa àwọn méjèèjì, ó bá lù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ kejì, Laila ti ń ṣètò bí gbogbo wọn ṣe máa sá lọ pa pọ̀, abúlé tí wọ́n máa gbé, ewúrẹ́ tí wọ́n máa sìn. Mariam fetí sí i bí ìyá ṣe ń fetí sí ọmọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé kó kó àwọn ọmọ, kó bá Tariq lọ, òun á dúró. Tí wọ́n bá sá lọ pa pọ̀, wọ́n á lépa gbogbo wọn. Tí ẹnì kan bá jẹ́wọ́, ẹjọ́ tán. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Wọ́n pa á ní pápá ìṣeré Ghazi, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn.

Mi ò lè sọ pé ìtàn lásán ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, wọ́n pa ìyá ọlọ́mọ kan tó ń jẹ́ Zarmeena ní pápá yẹn gan-an, wọ́n ní ó pa ọkọ rẹ̀. A mọ̀ nítorí pé obìnrin kan láti inú RAWA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Afuganísítàànì, gbé kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ aṣọ ẹ̀há, ó ká a sílẹ̀. Mo máa ń ro ti obìnrin yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ̀n.

Tí wọ́n bá bi mí ní ibi tí ìwé náà kù sí, mo máa ní Rasheed. Ìkà rẹ̀ pọ̀ débi pé ọkùnrin tó ń ka ìwé náà lè sọ pé “èmi ò rí bẹ́ẹ̀”, kó sì máa lọ ní àlàáfíà. Jalil ni mo bẹ̀rù jù. Jalil rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀, ó mú ẹ̀bùn wá, ó fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, ó sì wà nínú ilé lóru tí ọmọ náà sùn síta. Jalil pọ̀ láàárín wa.

Mo kà á parí nígbà tí Taliban ti tún wà ní Kabul. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2021 ni wọ́n padà wọlé. Ọmọbìnrin tó bá ti ka ìwé mẹ́fà ò tún lọ mọ́, ní oṣù kejìlá 2022 wọ́n sì ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ àwọn obìnrin. Àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin yẹn mo pe Ìyá Kékeré lórí fóònù. Ìyá àgbà ti kú láti ọdún pípẹ́; Ìyá Kékeré ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ṣì mú. Mo kí i, mo béèrè orúnkún rẹ̀, mo béèrè adìyẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní, “Màmá, pàṣán tí ẹ máa ń sọ pé ẹ ti fi dáná, ṣé ó wà lóòótọ́?”

Ó dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já.

“Ta ló sọ fún ọ, Àbẹ̀ní?”

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ìwé kan ni mo kà. Mo sọ ìtàn Mariam àti Laila fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Kò dá mi lóhùn títí mo fi dé ibi bẹ́líìtì. Ó ní, “Ìyálé mi ló yọ ọ́ lájà. Bàbá yín lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ó gbé e fún mi, èmi ni mo ṣẹ́ ẹ, igi àtòrì ni, kò tètè ṣẹ́. A fi se àmàlà. Bàbá yín dé lálẹ́, ó jẹ ẹ́.” Ó tún dákẹ́. “Ó wá a. Ó bi wá. A ní a ò rí i.”

Mo fẹ́ bi í ní nǹkan mìíràn, ó ti ṣíwájú mi.

“Ọmọ obìnrin yẹn ńkọ́, èyí tí ìyálé ń tọ́jú? Ṣé ó yè?”

“Aziza. Ó yè, Màmá.”

“Ṣé ó ń lọ sílé ìwé?”

Mo ní nínú ìwé, ó ń lọ.